Ipa ewé lórí ìdàgbàsókè ọ̀pá ọmọ igi kòkó

Ewé wà lára ohun tí ó ń pinnu ìgbà tí ọ̀pá ọmọ igi kòkó, Theobroma cacao, yóò ga, ìgbà tí yóò dúró, àti bí yóò ti sanra tó. Kòkó kì í dàgbà láìdáwọ́dúró: ó ń rúwé, ọ̀pá rẹ̀ a sì nà, lẹ́yìn náà ọ̀mùnú orí rẹ̀ a dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó tún rú.

Oúnjẹ inú abala méjèèjì irúgbìn ni ó ń gbé ọ̀pá ró ní ìbẹ̀rẹ̀, títí ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò fi nà. Ewé tuntun máa ń rọ̀, ó máa ń dorí kodò, ó sì sábà máa ń pọ́n díẹ̀ kí ó tó di aláwọ̀ ewé. Ní àkókò yìí kò lè pèsè oúnjẹ tí ó tó ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ ewé tí ó ti gbó ni ṣúgà ti ń wá bá a. Bí a bá já àwọn ewé tuntun wọ̀nyí, ọ̀mùnú a máa tètè tún rú, èyí tí ó fi hàn pé àwọn gan-an wà lára ohun tí ó dá a dúró. Abscisic acid, èròjà tí ó ń dènà ìdàgbà, ni a sábà máa ń dárúkọ nínú ọ̀ràn yìí. Jíjá ewé kì í sì í ṣe oore fún igi, nítorí oúnjẹ tí ìbá fi kọ́ ọ̀pá àti gbòǹgbò ló ń bá a lọ.

Ewé tí ó ń nà tún ń tú auxin, èròjà tí ó ń darí ìdàgbà, jáde. Èròjà yìí ń gba ọrùn ewé wọ inú ọ̀pá, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì ń mú kí ìpele tín-ín-rín tí ó wà láàárín èèpo àti igi máa dá iṣan omi tuntun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ṣe ń sanra. Lábẹ́ ibòji tí ó pọ̀ jù, ọ̀pá lè gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láìsanra, nítorí náà gíga nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ kòkó lágbára. Síbẹ̀ ibòji díẹ̀ pọn dandan, ìdí sì nìyí tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín rẹ̀. Níbi tí ibòji kò sí, ìdin kòkòrò kan tí a ń pè ní Earias biplaga a máa jẹ ọ̀mùnú orí, ọ̀pá mélòó kan a sì hù rọ́pò ẹyọ kan.

Nígbà tí ọ̀pá bá ga tó mítà 1 sí 1.5, ọ̀mùnú orí a parí iṣẹ́ rẹ̀, a sì pín sí ẹ̀ka 3 sí 5 tí ó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, igi kì í ga mọ́ àfi bí èèhù bá yọ lábẹ́ ìpínyà ẹ̀ka náà.