Kọ́ìlì tuntun, síbẹ̀ P1300 kò lọ: ta ni kò jábọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Corolla 2003 mi ń gbọ̀n jìgìjìgì, kò lágbára gun òkè mọ́. Wọ́n so scanner mọ́ ọn, ó gbé kóòdù àìsàn P1300 jáde. Mẹ́káníìkì ní kọ́ìlì kìíní, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ló kú. Mo ra òmíràn, pàbó ló já sí. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. P1300 kò sọ pé kọ́ìlì ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́ àbọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ́ìlì kìíní.

Wáyà mẹ́rin ló wọ orí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE yín. Ọ̀kan ń gbé iná bátìrì wá, ọ̀kan kan ara mọ́tò. Wáyà kẹta, IGT, ni brain box fi ń rán kọ́ìlì níṣẹ́ pé kó taná. Ìkẹrin, IGF, ni kọ́ìlì fi ń jábọ̀ pé òun ti jẹ́ ẹ. Bí àbọ̀ kò bá dé, brain box á gbà pé iná kò ta, á sì dá epo sílíńdà yẹn dúró. Ó nídìí: epo tí kò jó bá wọ catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni yóò ti lọ jó, ooru rẹ̀ á sì yọ́ ọ nínú. Nítorí náà, kọ́ìlì lè máa taná dáadáa kí ọkọ̀ ṣì máa gbọ̀n, torí àbọ̀ nìkan ni kò dé.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kọ́ìlì ni tàbí wáyà?

Ìdáhùn: Ó dùn mí pé ẹ ti náwó kí ẹnikẹ́ni tó ṣe èyí: ẹ gbé kọ́ìlì kìíní sípò ìkejì, kí ìkejì bọ́ sípò rẹ̀, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Bó bá di P1305, kóòdù ti kọ́ìlì kejì, kọ́ìlì ló gbé àìsàn náà lọ. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà kò bọ́ nínú ìdánwò yìí, torí ayédèrú kan lè taná láìjábọ̀.

Bó bá ṣì jẹ́ P1300, wáyà ló kù. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì, ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì. Lórí mítà, wáyà bátìrì yóò fi nǹkan bíi fọ́ọ̀tì 12 hàn, IGF nǹkan bíi 5. Brain box ló ń fi 5 yẹn ránṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí kọ́ìlì bá taná, á fà á wálẹ̀ fírí. Àbọ̀ ọ̀hún nìyẹn. Bí ẹ kò bá rí 5, wáyà ti já, tàbí eyín ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀ tàbí kó dípẹtà. Ẹ máa mi wáyà náà bí ẹ ti ń wo mítà, torí ooru ẹ́ńjìnnì máa ń mú ara rẹ̀ gbẹ, eku sì máa ń jẹ ẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi gílóòbù dán IGF wò. Iná tó ń fà lè ba brain box jẹ́.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ àbúrò mi gbé P1300, P1305, P1310 àti P1315 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sítáàtì, ó ń kú. Ṣé kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò dájú rárá. Wáyà IGF mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń pàdé di ẹyọ kan kí wọ́n tó dé brain box. Bí ẹyọ yẹn bá já, àbọ̀ gbogbo wọn ti ṣègbé. Kọ́ìlì kan ṣoṣo tó ti ṣọ́ọ̀tì nínú náà sì lè fa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó fi mítà sórí IGF, kí ó máa yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó bá yọ tí fọ́ọ̀tì 5 padà dé, òun ni kí ó pààrọ̀.