Ìtọ́jú ìhùwàsí fún ọmọ tí kì í fẹ́ jẹun

Nínú ọ̀pọ̀ ilé l'Àkúrẹ́, bí ọmọ ọdún méjì bá kọ ẹ̀kọ mímu, ìyá àgbà ni yóò gbé e sórí ẹsẹ̀, tí yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí abọ́ sí i lẹ́nu, tí yóò sì máa rọ ọ́. Ìfẹ́ ló ń mú un ṣe é. Síbẹ̀, oúnjẹ tí a rọ lè ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù abọ́ àti ṣíbí.

Ohun tó ń tẹ̀lé kíkọ̀ ni ìtọ́jú ìhùwàsí, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń yí ìṣe ọmọ padà, máa ń wò. Ọmọ yí orí, ó figbe ta. Ìyá gbé ẹ̀wà kúrò, ó fún un ní bisikíìtì kó má baà febi sùn. Ọmọ ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ báyìí: igbe ló ń lé ẹ̀wà lọ, òun náà ló ń mú bisikíìtì wá. Ní ọ̀la, igbe ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà orí ṣíbí kéré bíi hóró ìrẹsì kan. Bó bá tọ́ ọ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n lásán ló fi kàn án, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀: "Káre láé, ọmọ mi!" Kí dòdò tó fẹ́ràn sì tẹ̀lé e. Bó bá kọ̀, ẹ má bínú, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gbé bisikíìtì jáde. Oúnjẹ tuntun lè dé iwájú ọmọ ní ìgbà 10 sí 15 kó tó gbà á. Ìgbà kẹta ni ọ̀pọ̀ wa ti ń jáwọ́!

Igbe náà lè kọ́kọ́ le sí i, nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ ló tún ń gbìyànjú. Bí bàbá bá wá yọ́ bisikíìtì fún un ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, igbe ńlá ni yóò máa lò láti ìgbà náà lọ. Gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

Ọ̀nà kan tún wà tí a kì í gbé ṣíbí kúrò lẹ́nu ọmọ títí yóò fi gbà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ni ìyẹn. Ẹ má dán an wò nílé.

Ṣùgbọ́n dókítà ló ṣáájú. Egbò ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun tó ń dunni àti ibà lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Bó bá ń rù, tàbí tó ń wúkọ́ nígbà tó bá ń gbé nǹkan mì, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn. Ẹ kọ ohun tó jẹ, ìgbà tó jẹ ẹ́, àti ohun tí ẹ ṣe nígbà tó kọ̀ sínú ìwé, kí ẹ mú un dání lọ.