Kí ni representative payee? Owó ọmọ tó ti dàgbà, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Amẹ́ríkà lóru ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ kò dùn. Ọmọ rẹ̀ tó ní ọ́tísíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, ó wá di dandan kí òun kọ̀wé béèrè àyè kí òun tó lè máa bá a gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún un. Ìwé àṣẹ tí lọ́yà ṣe kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Ọmọ tí mo bí fúnra mi!" Orúkọ ipò tó fẹ́ béèrè fún ni representative payee. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi náà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níhìn-ín, torí ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 22, ní ọ́tísíìmù, ó sì ń gbowó ọ̀sẹ̀ níbi tó ti ń ká àdìrẹ.

Ẹ wo alájọ tó ń yí ọjà Kútọ̀ ká. Owó ẹlẹ́ja wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹlẹ́ja ló wà lórí káàdì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni payee rí: Social Security, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń san owó ìrànwọ́ náà, yàn án kó máa gba owó fún ẹni tí kò lè dá bójú tó o. Kìkì pé alájọ máa ń yọ owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀. Ìyá tó jẹ́ payee kì í yọ kọ́bọ̀.

Kí ló dé tó fi di ọdún 18? Ọmọ ti di àgbà lójú òfin nìyẹn. Wọ́n gbà pé ó lè ṣètò owó rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Ọmọ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ko ẹni tí wọ́n yàn. Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́.

Oúnjẹ àti ilé ló ṣáájú nínú owó yẹn, lẹ́yìn náà oògùn, aṣọ àti ohun tó wu ọmọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ àkáǹtì tó fi hàn pé ọmọ ló ni ín, kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ìyá. Ṣùgbọ́n ìfipamọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Tó bá jẹ́ SSI, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún aláàbọ̀ ara àti arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́, ló ń gbà, tí ohun ìní tí wọ́n ń kà bá ti ju dọ́là 2,000 lọ, owó náà lè dúró. Ilé tó ń gbé àti ọkọ̀ kan kò sí nínú rẹ̀. Bàbá wa ti fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló yára dá a dúró, torí wọ́n máa ń ka owó ẹ̀bùn mọ́ owó tó ń wọlé fún un. Àkáǹtì ìfipamọ́ kan wà fún àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n ń pè ní ABLE, tí dọ́là 100,000 àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò SSI. Mo fẹ́ kí gbogbo mọ̀lẹ́bí tó ń fowó ránṣẹ́ mọ èyí.

Àṣẹ payee kò sì kọjá owó ìrànwọ́ yẹn. Owó iṣẹ́ ọmọ kò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpinnu nílé ìwòsàn.

Níhìn-ín, òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019, ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, àmọ́ kò dá owó oṣooṣù sílẹ̀. Owó àdìrẹ nìkan ni ọmọ mi ní. Ọdún méjì ni mo fi ń gbà á sínú pọ́ọ̀sì mi, tí mò ń sọ pé mò ń bá a tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Mọ́mì, èló ló kù?" Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, a ní ìwé kan. Ní gbogbo Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka owó náà sínú agolo mẹ́ta: ti ọkọ̀, ti àjọ, àti tara rẹ̀. Ó fẹ́ fi ti ìkẹta ra fáànù kékeré. Mo sọ fún un pé ó wọ́n. Ó ní òun ti gbọ́, òun ṣì fẹ́ ẹ, a ó sì jọ lọ rà á.