Wákàtí 11 láàárín bàálù méjì: bí layover ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an

Ẹni tí ò wọ bàálù lọ sókè òkun rí, tó wá wo tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó rí i pé bàálù àkọ́kọ́ máa balẹ̀ ní 5:40 àárọ̀, èkejì ò sì ní gbéra àfi 16:50, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé ta ló ṣe irú ètò burúkú báyìí, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 10 nínú èépọ́ọ̀tù téèyàn ò ti mọ ẹnì kankan, kí lèèyàn fẹ́ máa ṣe ńbẹ̀, ṣé wọ́n á jẹ́ kéèyàn sùn, ẹrù ńkọ́, ta ló máa gbé e.

Kò sẹ́ni tó gbìmọ̀ ibi sí i o, ìṣirò ló bí i. Ẹ jẹ́ ká mú ìlú 10. Bí ilé-iṣẹ́ bàálù kan bá ní òun fẹ́ máa fò tààrà láti ìlú kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ìlú tó kù, ọ̀nà 45 ló máa là, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò sì ní rí èrò tó máa kún bàálù. Àmọ́ tó bá sọ ọ̀kan nínú àwọn ìlú yẹn di oríta, kí gbogbo èrò máa gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà 9 ti tó. Oríta yẹn ni wọ́n ń pè ní hub. Dubai, Doha, Istanbul, Addis Ababa, Amsterdam, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń tò ó ni pé bàálù rẹpẹtẹ á balẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, èrò á bọ́ọ́lẹ̀, kálukú á wá bàálù tó kàn án, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á tún gbéra lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ń dé ó ń lọ bí ìgbì òkun. Ẹni tí bàálù ń lọ sí ìlú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lè dúró wákàtí méjì péré, ẹni tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàálù ń lọ síbi tó ń lọ, tó wá jẹ́ pé ìgbì ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi í sí, òun ló máa jókòó látàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ìdúró gígùn kì í sábà wọ́n tó èyí tó yá, wọ́n mọ̀ pé kò wu ẹnikẹ́ni. Tí ìdúró yẹn ò bá tíì kọjá wákàtí 24, layover náà ló ṣì ń jẹ́ nínú ìlànà tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun, tó bá ti lé ó ti di stopover nìyẹn, ó sì lè yí owó tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Láyé àtijọ́ sẹ́, epo ló ń dá bàálù dúró. Èyí tó ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì ò lè dá gbogbo ẹ̀ fò tán, Shannon ní Ireland ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń balẹ̀ kún epo, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù duty-free àkọ́kọ́ láyé lọ́dún 1947, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í gbowó orí lé ọjà ẹ̀. Èrò tí ò níṣẹ́ kankan láti ṣe tówó wà lápò ẹ̀, ta ni ò ní tajà fún un.

Ohun téèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò nílé rárá ni bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ló mú dání àbí méjì. Tó bá jẹ́ pé booking reference kan ṣoṣo, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ló gbé gbogbo ìrìn àjò náà, àdéhùn kan ni: ilé-iṣẹ́ bàálù ti gbà pé àwọn á gbé èèyàn dé òpin ibi tó ń lọ, bí àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì ti fò lọ, àwọn ló máa wá òmíràn láì gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan níhìn-ín tó tún lọ ra òmíràn lọ́hùn-ún torí pé ó pọ́ọ́kú, ìrìn àjò méjì tí ò mọ ara wọn ló rà. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì á ní èrò yìí ò yọjú, wọ́n á fagi lé e, owó lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa lọ kó ẹrù ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀ kó tún gbé e lọ sí kántà, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú tó kàn fẹ́ gbà kọjá. Ó pọ́ọ́kú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń rìn fúngbà àkọ́kọ́ ń dán wò jàre.

Ẹrù náà ní ìrìn àjò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti wọn báàgì tán lórí kántà, òṣìṣẹ́ á fa bébà funfun gbọọrọ kan yọ nínú ẹ̀rọ, á fi yí ọwọ́ báàgì ká, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kí báàgì tó wọ́ lọ lórí bẹ́líìtì, ojú ló yẹ kéèyàn fi síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà ló máa ń wà lórí táàgì yẹn, orúkọ ìkékúrú èépọ́ọ̀tù ni. Ẹni tó ń gba Istanbul lọ sí Toronto, YYZ ló yẹ kó rí gàdàgbà, IST á wà níbì kan ní kékeré. Tó bá jẹ́ IST nìkan ló wà ńbẹ̀, Istanbul ni ìrìn àjò báàgì yẹn parí sí, á máa yí po lórí bẹ́líìtì ibẹ̀ nígbà tólówó ẹ̀ ti wà ní Kánádà. Ojú kántà yẹn ni kéèyàn ti lanu béèrè, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n á fi tún un tẹ̀. Wọ́n tún máa ń ya pélébé kan lára táàgì náà, nọ́ńbà 10 ló wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú bákóòdù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dìn páàsì tàbí ẹ̀yìn páásípọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣí i jù nù. Kẹ́ ẹ má ṣí i.

Amẹ́ríkà ò sí nínú ìlànà yìí. Ní tiwọn, èépọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ tí bàálù bá ti balẹ̀ sí lórí ilẹ̀ wọn ni gbogbo èrò tó ti òkè òkun dé ti ń kojú ìmígíréṣàn, kódà ẹni tó kàn fẹ́ gba ibẹ̀ lọ Mẹ́síkò, torí náà físà ni, tàbí ESTA, ìyẹn ìyọ̀ǹda orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn wà lára àwọn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tó ń gba New York lọ Houston, bí táàgì ẹ̀ tiẹ̀ sọ pé IAH, ìyẹn Houston, New York ló ti máa fa báàgì ẹ̀ kúrò lórí bẹ́líìtì, kó gbé e gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, kó tó wá dá a padà fún wọn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ò mọ̀ á rìn kọjá báàgì ara ẹ̀.

Ti ìwé ló máa ń ká èèyàn mọ́ jù. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé tí wọn ò bá ti jáde nínú èépọ́ọ̀tù, wọn ò nílò físà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tí wọ́n ti mú ẹnubodè kúrò láàárín ara wọn, ní físà kan tó jẹ́ ti èépọ́ọ̀tù nìkan, wọ́n sì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 12 tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ ní in, Nàìjíríà, Gánà, Ethiopia, Pakistan àti Bangladesh wà lára wọn. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ máa ń bọ́ nínú ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn fún ará àwọn ìlú kan. Èyí tó tún burú ni kéèyàn ní èépọ́ọ̀tù Schengen méjì nínú ìrìn àjò kan, ká ní Madrid lẹ́yìn náà Frankfurt kó tó wá lọ síbòmíràn. Láàárín Madrid àti Frankfurt, bí ìgbà téèyàn ń fò nínú ilé kan náà ni wọ́n kà á sí, ó ti wọlé nìyẹn, físà èépọ́ọ̀tù ò lè gbé e, físà Schengen gidi ló máa béèrè. Òṣìṣẹ́ orí kántà ló sì máa dá èèyàn dúró, kì í ṣe ìmígíréṣàn ọ̀hún, torí ilé-iṣẹ́ bàálù tó bá gbé ẹni tíwèé ẹ̀ ò pé lọ lè sanwó ìtanràn, òun náà ló sì máa gbé e padà. Inú ibi kan tí wọ́n ń pè ní Timatic ni wọ́n ti ń wo òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ó dáa kéèyàn ti bi ilé-iṣẹ́ bàálù náà kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tí ẹkún lè ṣe lórí kántà.

Ká tiẹ̀ sọ pé ìwé bàjẹ́ séèyàn lọ́wọ́ nínú transit, ọkùnrin ará Iran kan wà, Mehran Karimi Nasseri, ọ̀rọ̀ ìwé ló dá a dúró sí Terminal 1 èépọ́ọ̀tù Charles de Gaulle ní Paris láti 1988 títí di 2006. Ọdún 18. Ó tún padà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún 2022. Wákàtí 11 ò tó nǹkan.

Tí bàálù bá ti wá balẹ̀, ọ̀nà máa pín sí méjì. Ọ̀kan á kọ Arrivals tàbí Baggage claim, ìyẹn ti àwọn tó ti dé ilé, èkejì á kọ Transfers tàbí Connecting flights. Èrò tó pọ̀ lè máa rọ́ gba apá kan, kéèyàn má tẹ̀lé èrò, kó tẹ̀lé àkọlé, torí ẹni tó bá ti gba ìmígíréṣàn jáde lè má rọrùn fún un láti padà. Níbi púpọ̀ wọ́n á tún yẹ èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti yẹ ẹ́ wò níbi tó ti wọkọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i. Omi tí wọ́n fún èèyàn nínú bàálù ò ní kọjá, ohun olómi tó bá lé ní 100 ml ni wọ́n máa ń gbà, látìgbà tí wọ́n ti ká àwọn kan mọ́ ní London lọ́dún 2006 pé wọ́n fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi já bàálù. Níbi tí ẹ̀rọ wọn bá ti jẹ́ tuntun, òfin yẹn ti ń rọ̀. Lọ́fínńdà tèèyàn rà ní duty-free, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ló gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rìsíìtì ẹ̀, kò gbọdọ̀ já a títí táá fi dé ilé. Powerbank kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ńlá, inú báàgì ọwọ́ ni wọ́n ń fi í sí. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh ò ju nǹkan bíi 74 Wh lọ (Wh ni ìwọ̀n agbára iná tó lè gbà), 100 Wh ni ààlà téèyàn ò ti ní tọrọ àyè.

Aago ló kàn. Gbogbo àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà nígbà yẹn ni, fóònù tó ṣì wà lórí airplane mode sì lè máa sọ aago ilé. Àmì +1 tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò, ọjọ́ kejì ló ń wí. Ẹ wo ẹni tó balẹ̀ ní 5:40 yẹn, wọ́n kọ B14 sórí bọ́ọ̀dìn páàsì ẹ̀, ó lọ síbẹ̀, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀, ó fi báàgì ọwọ́ rọrí, ó sùn. Nígbà tó fi máa jí ní 16:10, èrò ló kún iwájú ẹ̀, ara ẹ̀ balẹ̀, kò mọ̀ pé èrò bàálù míì ni wọ́n, tiẹ̀ ti kọjá sí D3 látàárọ̀, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sì ni, wọ́n sábà máa ń ti géètì ní bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Ojú bọ́ọ̀dù ńlá ni kéèyàn máa wò, kì í ṣe bébà àárọ̀, nọ́ńbà bàálù ni kó sì máa wá, má wo orúkọ ìlú nìkan, torí bàálù méjì lè máa lọ ìlú kan náà láàárín wákàtí kan. Kó gbé álááàmù méjì sórí fóònù.

Oorun ò ṣòro. Èépọ́ọ̀tù ńláńlá ní àga tó ṣeé na ẹsẹ̀ sí, Doha ní yàrá ìdákẹ́jẹ́ tí wọn ò gbowó ẹ̀, Changi ní Singapore tiẹ̀ ní sinimá ọ̀fẹ́ àti ọgbà labalábá. Ó máa ń tutù níbi wọ̀nyí lóru, aṣọ òtútù kan ní báàgì ọwọ́ ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kan máa ń fún èèyàn ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ìdúró bá gùn, tó bá jẹ́ pé kò sí bàálù tó yá ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹni tó bá béèrè ló sábà máa ń rí i, ìgbà mìíràn ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ló ti yẹ kó béèrè. Turkish Airlines ń mú èrò tí ìdúró wọn wà láàárín wákàtí 6 sí 24 yí ká Istanbul lọ́fẹ̀ẹ́, Changi náà ń ṣe irú ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí márùn-ún àbọ̀. Ẹni tó bá nílò físà láti wọ ìlú yẹn ṣì gbọ́dọ̀ ní in o. Ẹni tó fẹ́ dá jáde ńkọ́, kó ṣírò: nínú wákàtí 11, yọ ọ̀kan fún ìmígíréṣàn, ọ̀kan fún ọ̀nà ìlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, kó sì ti padà wọ èépọ́ọ̀tù ní wákàtí méjì àbọ̀ ṣáájú, márùn-ún àbọ̀ ló kù tó lè fi wo ìlú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá jẹ nínú ẹ̀.

Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì fò lọ, transfer desk, ìyẹn kántà àwọn tó ń pààrọ̀ bàálù, ni kéèyàn kọrí sí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ sínú òmíràn kó tó débẹ̀. Tí ìrìn àjò náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù, tàbí tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ló gbé e lọ síbẹ̀, òfin 261 ti ọdún 2004 ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ, kí wọ́n fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì tó bá di ọjọ́ kejì, tó bá sì pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó dé, owó gbà-má-bínú lè wà ńbẹ̀ tí kì í bá ṣe ojú ọjọ́ ló fà á.

Báàgì náà lè ṣi ọkọ̀, pàápàá níbi tí àlàfo àárín bàálù méjì ò gùn. Tó bá dé òpin ìrìn tí bẹ́líìtì dúró láìsí báàgì, kó má tíì jáde, ọ́fíìsì ẹrù wà nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní PIR fún un, ẹ̀rí pé ó ti fẹjọ́ báàgì náà sùn. Tó bá pé ọjọ́ 21 tí wọn ò rí i, òfin kà á sí pé ó ti sọnù, tó bá dé tó ti fọ́, ọjọ́ 7 ni àyè tó ní láti kọ̀wé sí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ yẹn máa na ọwọ́ béèrè ni pélébé onínọ́ńbà 10 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páásípọ́ọ̀tù lójú kántà àkọ́kọ́.