Ìkorò aloe vera kọ́ ló ń tún inú ṣe

Ẹni tó bá ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí rí ti mọ̀ ọ́n lórí: ohun dídùn ló ba inú jẹ́, ohun kíkorò ni yóò gbá a jáde. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gé ewé aloe vera, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ tèèpo-tèèpo, tí wọ́n á gbé e mu. Bó bá korò bí orógbó, tó sì lé wọn sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru, wọ́n á ní ó ti fọ inú.

Kò fọ nǹkan kan. Ẹ gé ewé náà, ẹ ó rí oje pupa rúsúrúsú tó ń kán lábẹ́ èèpo. Aloin, ohun kíkorò kan, wà nínú oje yìí. Ó ń sọ̀kalẹ̀ dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á sọ ọ́ di ohun tó ń ta ìfun, ìfun á wá máa tú omi jáde, á sì máa ti ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Omi ara ló ń bá a lọ, pẹ̀lú potassium tí ọkàn fi ń lù déédéé. Aláboyún, ẹni tó ń lo digoxin (oògùn àrùn ọkàn), tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, kó má ṣe sún mọ́ ọn.

Ní 2002, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, yọ oje yìí kúrò nínú oògùn ìyàgbẹ́ tí a lè rà láìsí ìwé dókítà, torí pé ẹ̀rí pé kò léwu kò tó. Nígbà tí wọ́n tún fi omi odindi ewé tí a kò sẹ́ fún eku mu fún ọdún 2, kókó jẹjẹrẹ yọ nínú ìfun ńlá wọn. IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sì ka irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Eku kì í ṣe ènìyàn lóòótọ́, ẹ má sì tìtorí ife kan dààmú. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ ni mò ń bá wí.

Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń bó èèpo dànù, tàbí kó fi èédú sẹ́ omi ewé náà títí aloin kò fi ní ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù lọ. Nítorí náà, ojúlówó kì í fi bẹ́ẹ̀ korò. Ohun tí oníbàárà wa sì máa ń bínú sí gan-an nìyẹn: “Omi lásán ni wọ́n tà fún mi!”

Lára ìgò, ẹ wá “inner leaf” (inú ewé nìkan, láìsí èèpo) tàbí “decolorized” (èyí tí wọ́n fi èédú sẹ́), àti iye aloin. Ẹ má jẹ́ kí “200:1” dẹ́rù bà yín. Omi ló pọ̀ jù nínú jẹ́ẹ̀lì, gíráàmù 200 rẹ̀ ni wọ́n gbẹ di gíráàmù 1. Nọ́ńbà NAFDAC ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn kékeré tó máa ń wà lára oògùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, tó ní NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé yín ni, ẹ dojú ibi tí ẹ gé kọlẹ̀ kí oje náà ro tán, ẹ bó o, ẹ fi omi ṣan jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dáadáa. Bí ìgbẹ́ bá sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ìdí igi aloe.