Ìrẹsì Inú Kúlà Tó Ń Lọ Sọ́dọ̀ Alágbe

Lóṣù tó kọjá, Àlàájà kan tọ̀ mí wá. Ó fẹ́ ṣe sàráà fún àwọn tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù ní agbègbè Ọjà Ọba, níbí l'Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti dẹ́rù bà á pé bí inú bá run ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ dé. "Wolé-wolé, ṣé ẹ ò ní mú mi?"

Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ náà ti ka ìròyìn Amẹ́ríkà jù. Bẹ́ẹ̀, lọ́hùn-ún gan-an, òfin kan wà láti ọdún 1996, èyí tí wọ́n fi orúkọ Bill Emerson pè, tó ń dáàbò bo ẹni tó fi ọkàn rere gbé oúnjẹ fún ẹgbẹ́ aláàánú, àyàfi tí ìwà àìbìkítà rẹ̀ bá ti kọjá ààlà.

Ohun tí èmi bi í ni pé aago mélòó ló máa sè é. Ó ní aago 11 alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó lè yá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni yóò pín in. Mo ka wákàtí náà fún un: ó lé ní 14.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wá láti oko. Bí a bá se ìrẹsì, irúgbìn kòkòrò yìí kì í kú tán. Bí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, irúgbìn yẹn á hù, á máa pọ̀ sí i, á sì da májèlé sílẹ̀. Iná kì í ran májèlé ọ̀hún. Ẹ gbé ìrẹsì náà kaná padà kó hó yaya, májèlé wà níbẹ̀. Ó lè má rùn, ó lè má kan. Kí wákàtí mẹ́fà tó pé, ẹni tó jẹ ẹ́ ti ń bì.

Kúlà ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Bí oúnjẹ bá wọlé ní gbígbóná janjan, tí ẹ sì dé e pa, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣí i, tí ẹ ń pa á, wọ́ọ́rọ́ tí kòkòrò ń fẹ́ náà ni yóò dà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ gbígbóná má wálẹ̀ ju digíríì 60 (ti Celsius) lọ, kí èyí tó tutù má kọjá 5, kí oúnjẹ sísè má sì ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ lásán. (Ẹ má fi fíríìjì dá mi lóhùn. Gbogbo wa la mọ bí iná ìjọba ṣe rí.)

Àjẹkù ìnáwó tí wọ́n ń kó fún alágbe nírọ̀lẹ́ ló ń bí mi nínú jù. Àlejò tí inú rẹ̀ bàjẹ́ á lọ sílé, á rí ṣáláńgá, á rí omi, á rí ẹni gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹni tó ń sùn níta, níbo ni yóò ṣu sí? Ta ni yóò bu omi fún un? Nítorí náà, oúnjẹ tirẹ̀ ló yẹ kó mọ́ jù.

Ẹ rántí pé kì í jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń so ìyókù mọ́ ọ̀rá de alẹ́. Ẹ bù ú níwọ̀n tó lè jẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má fi pamọ́. Gààrí, ẹ̀pà, búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá ni kí ẹ fi ṣe ti alẹ́. Ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń jẹun, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ dání. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kó má sún mọ́ ìkòkò rárá.

Àlàájà gbọ́. Àárọ̀ Jímọ̀ ló gbé ìkòkò kaná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in nígbà tí èéfín rẹ̀ ṣì ń rú. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì pé oúnjẹ ò tó. Ìdí ìkòkò nìkan ló kù, ọmọ òun tó ń bẹ̀rù ẹjọ́ ló sì ha á jẹ.