Májèlé ásẹ́níìkì nínú omi mímu ní Bangladéṣì

Ásẹ́níìkì jẹ́ èròjà olóró tó wà nínú àpáta àti iyẹ̀pẹ̀. Bó bá wọnú omi, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò mọ̀. Sísè kò ràn án. Ṣe ló tún máa ń pọ̀ sí i bí omi bá ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò.

Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga onípọ́ǹpù ọwọ́ káàkiri Bangladéṣì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kí àwọn ará abúlé lè yé mu omi adágún tó ń fa onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ìdí náà lágbára, nítorí ọmọ wẹ́wẹ́ ni àìsàn wọ̀nyí ń pa jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ omi kànga wò bóyá ásẹ́níìkì wà níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn odò wọ́ wá láti òkè Himalaya ni èròjà náà bá dé, tó lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin. Níbi tí ọ́síjìn kò dé lábẹ́ ilẹ̀, bakitéríà a máa tú ìpẹtà yìí, ásẹ́níìkì a sì bọ́ sínú omi. Kànga tó jìn kọjá mítà 150 sábà máa ń bọ́ nínú ewu yìí.

Ní 1993 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ásẹ́níìkì wà nínú omi kànga ní Bangladéṣì, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí oníṣègùn awọ ara kan ní Kolkata ní Íńdíà, K. C. Saha, ti rí àwọn aláìsàn tí májèlé yìí ń bá jà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òdiwọ̀n ásẹ́níìkì inú omi mímu sí máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) 10 nínú lítà kan. Ti Bangladéṣì jẹ́ 50. Ìṣirò kan ní 2000 sọ pé àwọn tó wà nínú ewu tó mílíọ̀nù 35 sí 77.

Awọ ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi májèlé yìí hàn, nígbà tí ẹni náà bá ti mu omi ọ̀hún fún bí ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà àti ẹ̀yìn á ṣú, àmì funfun tó-tò-tó á wà láàárín rẹ̀ bí ẹ̀kán òjò lórí eruku. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á yi, á ní kókó, á sì là débi pé rírìn tàbí dídi ọkọ́ mú á di ìrora. Àwọn aládùúgbò máa ń pè é ní ẹ̀tẹ̀, èyí tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin má rí ọkọ fẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í ràn.

Èyí tí ojú kò rí ló burú jù: jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀, pẹ̀lú àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní etíkun Taiwan, irú omi bẹ́ẹ̀ sọ ẹsẹ̀ àwọn kan di dúdú títí tó fi jẹrà.

Kò sí oògùn tó dájú fún un ju pé kí a pààrọ̀ omi lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kun ẹnu kànga tó léwu ní pupa, tí wọ́n sì kun èyí tó dára ní àwọ̀ ewé. Àmọ́ jẹjẹrẹ kì í tètè gbọ́. Ní Antofagasta ní Ṣílè, níbi tí omi ìlú ti ní ásẹ́níìkì tó ju máíkírógíráàmù 800 lọ nínú lítà kan láti 1958 sí 1970, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ ṣì ga níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ń sẹ́ omi náà.